Wẹ́fíà, Pọ̀nmọ́ Ta Ni O Ń Jẹ Yẹn?

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ìpele kẹta ni mí ní yunifásítì, Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Oṣù tó kọjá ni wọ́n dìbò yàn mí sípò olùdarí ètò ìgbáyégbádùn nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ipò tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wẹ́fíà. Láti ọjọ́ náà ni ìyá oníbùkà kan, tí mo ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn láti ìpele kìíní, ti ń fi pọ̀nmọ́ méjì àti ẹyin kan lé oúnjẹ mi, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń sọ pé, 'Ìyá, ẹ fún mi ní ti Wẹ́fíà.' Ìlérí tí mo sì fi wọlé ni pé àwọn olóúnjẹ ò ní máa fowó lé oúnjẹ bó ṣe wù wọ́n mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa bá wọn jókòó, èmi ni alága. Bí mo bá kọ ẹran náà, inú ìyá á bàjẹ́, torí wọ́n máa ń tà fún mi láwìn nígbà tí mi ò ní kọ́bọ̀. Bí mo bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní mo ti ta wọ́n. Mi ò tún sùn mọ́. Wọ́n ń pè mí lóru torí omi, torí iná, torí àkùkọ láńlọ́ọ̀dù tó ń kọ láago méjì. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan, mo gbé fóònù, mo ní 'Greatest!' bí a ṣe ń kí èrò ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ó pa fóònù. Ṣé kí n kọ̀wé fipò sílẹ̀ ni?
Wẹ́fíà, Under G."

Wẹ́fíà ọmọ mi, o kú oríire, o sì kú ewu. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ bu omi mu, mo tún padà wá rẹ́rìn-ín. Má bínú sí mi. Ìwọ kọ́ ni mò ń fi rẹ́rìn-ín, ara mi ni. Ìwọ ṣì ní orúkọ tó dáa. Búrẹ́dì ni wọ́n ń pe èmi.

Ní 1994, akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kó búrẹ́dì wá sí ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́lì wa láàárọ̀. Kí n tó dépò, kò mọ̀ mí rí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún wa, ó fa búrẹ́dì gígùn kan yọ, èyí tó ṣì ń gbóná, ó fi bébà wé e, ó ní, "Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ fi panu." Mo gbà á. Ṣé torí búrẹ́dì kan ni mo fẹ́ máa bá èèyàn jà ni? Lọ́jọ́ kejì ó tún mú un wá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, bí kò bá tètè dé, èmi fúnra mi ni mò ń na ọrùn wo ọ̀nà. Mo fẹ́ kí o fọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Gbogbo bó ṣe ń fún mi ò bà mí lẹ́rù tó ọjọ́ tí mo bá ara mi níbi tí mo ti ń na ọrùn.

Ó di ọjọ́ kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo dìde, mo gbé ìwé ìnáwó dání, mo wọ àdìrẹ tuntun, mo ní "Greatest Nigerian students!" Wọ́n dáhùn, "Great!" Bí mo ṣe la ẹnu láti ka iye tó kù lápò ẹgbẹ́, ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: "Búrẹ́dì!" Kò fi ohunkóhun kún un. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ń lu tábìlì, kí n tó mọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ dorin. Owó tí mo fẹ́ kà yẹn pé o! Kọ́bọ̀ kan ò dín níbẹ̀. Àmọ́ ta ló ń gbọ́? Bí wọ́n ṣe ń kọrin náà ni mo jókòó. Ní 2019 mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀yọ́, bàbá kan tó ti hewú, tó wọ agbádá, ń bọ̀ lókèèrè, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Búrẹ́dììì!" Ọkọ mi yíjú, ó ń wò mí. Mo ní ìtàn náà gùn.

Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé pọ̀nmọ́ lásán ni.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí ló wà nínú oúnjẹ tí ẹ ń bá kiri, pé ẹ lọ wá ọ̀rọ̀ ńlá sọ. Wọn ò mọ̀tàn ni. Ní 1978, owó oúnjẹ àti owó ibùsùn tí ìjọba ológun fi kún ní yunifásítì ló dá ìwọ́de "Ali Must Go" sílẹ̀. Ṣẹ́gun Òkéòwò, ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ló ṣáájú wọn; Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rẹ̀, ìjọba fòfin de NUNS, ó sì di 1980 kí NANS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó wà dòní, tó rọ́pò rẹ̀. Àwo oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Mi ò ní kí o lọ máa pariwo "Ìyá Must Go" o! Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn tó wà lórí ìlà, tí wọ́n ní kí ìyá fún àwọn ní ti Wẹ́fíà, kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń ṣe wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ka ẹran inú àwo rẹ bí a ṣe ń ka ìbò.

Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lo wà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Ìlú tí oúnjẹ wà nínú oríkì ẹ̀, ibẹ̀ kọ́ lèèyàn á ti ti àwo padà sọ́wọ́ ìyá àgbà níṣojú èrò. Bí o bá dán an wò, gbogbo ọjà á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú pé o ti gba ipò, o ò mọ èèyàn mọ́.

Kí ni ìyá náà ní lọ́kàn? Mo rò ó títí. Mo gbà pé inú wọn dùn ni. Ọmọ tí wọ́n ń bu ìrẹsì fún láwìn ti di ẹni tí wọ́n ń dìbò yàn; ṣé kí wọ́n má fi pọ̀nmọ́ ṣe é lóríire? Àwìn ọjọ́ yẹn, ìfẹ́ ni, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé o máa di nǹkan kan. Pọ̀nmọ́ àkọ́kọ́ náà, mo lè fi ṣe ìfẹ́. Ẹyin yẹn ni mi ò mọ ohun tó ń wá kiri. Olóúnjẹ tó mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin lọ́jà kì í gbé e lé àwo èèyàn lójoojúmọ́ láìnídìí.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé, kí ìpàdé tó dé. Má lọ lásìkò tí èrò pé. Lọ ní bí aago mẹ́rin, nígbà tí ìrẹsì ti ń kan ìdí ìkòkò, tí wọ́n ti jókòó lórí àpótí, tí wọ́n na ẹsẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi ìka kan ilẹ̀ bíi pé owó jábọ́ lọ́wọ́ yín. Bá wọn pọn omi bí ó bá wà láti pọn. Kí o wá sọ pé, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ bọ́ mi nígbà tí mi ò rí jẹ, mi ò lè gbàgbé. Àmọ́ àwọn ọmọ ti ń ka ẹran inú àwo mi. Ẹ bá mi máa gba owó gbogbo ohun tí ẹ bá bù fún mi títí màá fi kúrò nípò. Lọ́jọ́ tí mo bá jáde ìwé, kí ẹ gbé ìkòkò fún mi, odindi."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á bú ọ: "Torí pọ̀nmọ́ lo ṣe ń ṣe bí òyìnbó?" Gba èébú náà, máa rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá gba owó lọ́jọ́ kejì, fi sábẹ́ àwo kí o tó dìde.

Nǹkan kan wà tí o fò nínú lẹ́tà rẹ, mo sì rí ibi tí o ti fò ó. Àwìn yẹn, ṣé o ti san án tán? O ní wọ́n ta fún ọ, o ò sọ pé o san án. Bí ó bá ku ₦200, ọmọ mi, san án kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Ajigbèsè ò lè jẹ́ alága lórí ọ̀rọ̀ owó ẹni tó jẹ ní gbèsè.

Ní ìpàdé náà gan-an, kí o kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́ fúnra rẹ: "Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti ń jẹun, wọ́n sì ti fún mi lẹ́ran rí." Sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n bá kan ti ìyá, gbé àga fún igbákejì rẹ. Ká ní mo ti sọ ti búrẹ́dì lẹ́nu ara mi ní 1994, kí ni wọ́n á fi kọrin?

Kí ẹ má sì jókòó ti owó nìkan. Kí n sọ ohun tí mo rí nídìí bùkà fún ọ. Olóúnjẹ lè gbà fún yín pé òun ò ní fowó lé e, kó sì mú ìlérí náà ṣẹ láìyẹ̀, kí ẹ̀yin máa jẹ ìdajì ohun tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ṣíbí ni. Mo ti rí ṣíbí tí wọ́n fi ọmọ odó lu ìdí rẹ̀ títí ó fi wú sínú bí ìdí ìgò. Bó bá bu ìrẹsì, ó dà bíi pé ó kún, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa lo irú ṣíbí kan náà, kí ẹ rà á pọ̀ lọ́jà, kí ẹ pín in fún wọn. Kí o sì béèrè iye tí wọ́n ń ra kọ́ńgò ìrẹsì àti epo kí o tó sọ iye tí o fẹ́. Àwọn obìnrin yìí ò ń fi ilé ìwé yín là. Bí èdínwó yín bá pọ̀ jù, ẹran á rìnrìn àjò kúrò nínú ọbẹ̀, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tó lọ.

Ti ìpè òru ò tó nǹkan. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, àìsàn, iná tó ń jó ilé, olè, àti ọlọ́pàá tó mú ọmọ ẹgbẹ́: ìyẹn nìkan ni kí o dìde fún. Omi, ó di àárọ̀. Iná, kí wọ́n lọ bá NEPA sọ ọ́. Àkùkọ láńlọ́ọ̀dù ò sí nínú òfin ẹgbẹ́ kankan tí mo mọ̀. Kí ẹni tí kò lè sùn ra òwú sétí, tàbí kó ra àkùkọ náà. O ní àwọn igbákejì, pín nọ́ńbà wọn náà káàkiri. Ìwọ ló sọ ara rẹ di agogo ìlú.

Má fipò sílẹ̀. Ẹni tí pọ̀nmọ́ méjì ń dà láàmú tó báyìí ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní dà láàmú ló máa gbapò náà bí o bá kúrò.

Ó ku ọmọbìnrin yẹn. Pè é lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mú un lọ sí Sábó, kí ẹ jẹ súyà, ìwọ ni kí o sanwó. Pa fóònù rẹ kí ẹ tó jókòó. Tó bá sì gbé ìpè rẹ, jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ pè. Má ṣe ní "Greatest!"