Iná sẹ́ńsọ̀ ń tàn, àmọ́ PLC ò rí nǹkan kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ omi inú ìgò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgò bà jẹ́, mo lọ ra òmíì l'Álábà, wáyà mẹ́ta náà ni, àwọ̀ kan náà, mo sì so ó bí mo ṣe bá ti tẹ́lẹ̀. Tí ìgò bá ti dé iwájú ẹ̀ iná ara ẹ̀ á tàn, àmọ́ iná ínpùtù (ojú tó ń gba ìròyìn sẹ́ńsọ̀) lórí PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ò tàn rárá. Ọ̀gá ní PLC ló jó, pé ká lọ ra tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, sọ fún ọ̀gá yín kó fi owó ẹ̀ sápò ná. Iná ara sẹ́ńsọ̀ yẹn, ohun tó ń sọ ò ju pé òun rí ìgò lọ, kò ní jẹ́ kó o mọ̀ bóyá PLC gbọ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pè wá láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n á ní PLC ti kú, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n rà ni ò bá a mu.

Wò ó, àwọ̀ wáyà ló tàn ẹ́. Oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà, PNP àti NPN. Búráwùn ni +24V, búlúù ni 0V, dúdú ló ń gbé ìròyìn lọ sí PLC, bó ṣe rí nìyẹn lára PNP, bó ṣe rí náà nìyẹn lára NPN, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. PNP, tó bá ti rí nǹkan, á gbé +24 jáde sórí wáyà dúdú. NPN ní tiẹ̀, tó bá rí nǹkan, á fa wáyà dúdú lọ sí 0V. Ìyẹn ni pé ọ̀kan ń fún PLC níná, èkejì ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tó wá lọ́jú pọ̀ sí nìyí: ínpùtù PLC lójú méjì, ojú kan ni tẹ́mínà tó o so wáyà dúdú sí, ojú kejì ni kọ́mọ̀n, tẹ́mínà tí àwọn ínpùtù jọ ń lò. Tí kọ́mọ̀n bá wà lórí 0V, +24 ló ń retí látọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, PNP nìyẹn. Tí kọ́mọ̀n bá wà lórí +24, NPN ló ń retí. Tó o bá wá gbé NPN sí èyí tí kọ́mọ̀n ẹ̀ wà lórí 0V, 0V lápá ọ̀tún, 0V lápá òsì, níbo ni iná fẹ́ gbà kọjá? Mo fura pé ohun tó ṣe tìẹ nìyẹn, torí èyí tó ti bà jẹ́ á jẹ́ PNP, o wá ra NPN.

Kọ́kọ́ dán PLC wò kí ọkàn ọ̀gá balẹ̀. Fi mítà wo kọ́mọ̀n (1M ni wọ́n kọ sí i lára PLC S7-1200 ti Siemens, S/S lára FX3U ti Mitsubishi). Tó bá wà lórí 0V, yọ wáyà dúdú kúrò ní ínpùtù, mú wáyà kékeré kan láti +24, fi kan tẹ́mínà yẹn. Tí iná ínpùtù bá tàn, PLC ò lẹ́bi. Rọra ṣe o, má jẹ́ kó kan 0V. Wo +24 yẹn fúnra ẹ̀ náà, pẹ̀lú bí iná àti jẹnẹrétọ̀ ṣe ń yí síra wọn níbí, agbára páwà sọ́pùláì, ẹ̀rọ tó ń pèsè 24V yẹn, lè dín kù, ínpùtù sì ń fẹ́ 15V ó kéré tán kó tó gbà pé nǹkan ń bẹ.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí o ò tíì dá wáyà dúdú pa dà sí ínpùtù, fi pín dúdú mítà sórí 0V, pupa sórí wáyà dúdú, gbé ìgò síwájú sẹ́ńsọ̀. Bó bá fi bíi 24V hàn, PNP ni. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, gbé pín pupa lọ sórí +24, kí pín dúdú wà lórí wáyà dúdú. Tí 24V bá jáde níbẹ̀ nígbà tí ìgò wà, NPN ló wà lọ́wọ́ ẹ.

Èwo lo máa ṣe? Àwọn PLC méjì tí mo dárúkọ yẹn, èèyàn lè gbé kọ́mọ̀n wọn lọ sórí +24, àmọ́ gbogbo ínpùtù tó ń lo kọ́mọ̀n yẹn ló máa yí pa dà, o tún ti ba ti àwọn yòókù jẹ́ nìyẹn. Riléè, ìyẹn swíìṣì tí iná ń tì fúnra ẹ̀, náà lè ṣe é, àmọ́ fún nǹkan tó ń ka ìgò tó ń sáré, riléè lè má yá tó, ó lè máa fo àwọn kan. Èmi á ní kó o pa sẹ́ńsọ̀ yẹn dà, kó o ra PNP. Mo tún fẹ́ràn PNP torí pé tí wáyà ẹ̀ bá bó tó kan irin ẹ̀rọ, PLC ò ní rò pé ìgò wà, àmọ́ ti NPN lè jẹ́ kí PLC rò pé ìgò wà níbi tí kò sí, tí 0V yín bá so mọ́ ilẹ̀.

Tí PNP bá dé tí kò tún ṣiṣẹ́, bi ara ẹ bóyá páwà sọ́pùláì tó ń gbé sẹ́ńsọ̀ yàtọ̀ sí ti PLC, tó bá rí bẹ́ẹ̀ so 0V méjèèjì pọ̀. Kó o má sì kó wáyà sẹ́ńsọ̀ pọ̀ mọ́ ti mọ́tò nínú páìpù kan o, àyàfi tó o bá fẹ́ máa ka ìgò tí ò sí.