Ua mau ke ea o ka ʻāina i ka pono: ọ̀rọ̀ ọba ni, kì í ṣe orin arẹmọlẹ́kún

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ rèé: "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin Hawaii tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn ń tún wí nínú orin rẹ̀, Ua mau ke ea o ka ʻāina i ka pono? Wọ́n ní orin arẹmọlẹ́kún ni."

Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́, tó tún fi kún un pé ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ fún ọmọ kó lè sùn ni. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà. Èmi náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yan orin fún ètò òru, mo sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn orin yẹ kó dákẹ́, kó jẹ́ kí orin máa lọ. Ohùn ọkùnrin náà, Israel Kamakawiwoʻole, tutù lóòótọ́, ukulele rẹ̀, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, sì ń rọra dún. Àmọ́ ṣé gbogbo ohun tí a bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ la fi ń rẹ ọmọ ni?

Ọ̀rọ̀ ọba ni. Kauikeaouli, tí wọ́n ń pè ní Kamehameha Kẹta, ọba Hawaii nígbà tí àwọn erékùṣù náà ṣì ní ìjọba tiwọn, ló sọ ọ́ ní ìlú Honolulu, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1843. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord George Paulet, gúnlẹ̀ síbẹ̀, tó kọjú ìbọn àgbá sí ìlú, tó ní bí ọba kò bá ṣe gbogbo ohun tí òun là sílẹ̀, òun á yìn ín. Kí ló fa ìjà? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ẹjọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan. Ọba wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun kò ní ohun ìjà tó lè kò ó lójú, ó fi ìlú sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ti rán ẹjọ́ náà lọ sí London. Oṣù márùn-ún gbáko ni àsíá Gẹ̀ẹ́sì fi ń fẹ́ lókè Honolulu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀gá Paulet fúnra rẹ̀ dé, Rear Admiral Richard Thomas. Ó ní ohun tí ọmọ abẹ́ òun ṣe kò tọ́, ó sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, ó sì fa ti Hawaii sókè. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ń pè ní Thomas Square títí di òní. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọba lọ dúpẹ́ ní ilé ìjọsìn Kawaiahaʻo, tó sì sọ gbólóhùn yìí. Bí a bá fi èdè wa wí i: òdodo ló gbé ẹ̀mí ilẹ̀ yìí ró.

Ea nínú gbólóhùn náà ni èémí, òun náà sì ni àṣẹ tí ìlú ní lórí ara rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sára ife àti ẹ̀wù tà fún àlejò mú ti èémí, wọ́n fi ti àṣẹ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìlú rẹ̀ padà fún ló ń sọ̀rọ̀! Kí ni ẹ rò pé ó wà lọ́kàn rẹ̀?

Kí ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1861, ọdún méjìdínlógún péré lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Prometheus dúró sínú ọ̀sà Èkó, tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó fún wọn. Èkó kò rí Thomas tirẹ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí àwọn ọmọ wa bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii bíi pé ijó àti òdòdó ọrùn nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọkùnrin tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀, Israel Kamakawiwoʻole. (Orúkọ ìdílé náà túmọ̀ sí ojú tí kò mọ ẹ̀rù. Ẹ fi í sọ́kàn.) Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1959 ni wọ́n bí i ní Honolulu. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n sọ Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbólóhùn ọba yẹn sì ni wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà ìpínlẹ̀ tuntun, lórí ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò àti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti fipá yọ Ọbabìnrin Liliʻuokalani lóyè ní 1893. Ẹ gbà lọ́wọ́ onílé, ẹ tún mú oríkì onílé kọ sí ara ògiri yín!

Èrò mi, tí n kò sì ní yí padà, ni pé gbogbo ayé Israel ń yí ká gbólóhùn yìí. Niʻihau ni ìyá rẹ̀ ti wá, erékùṣù kékeré kan ṣoṣo tí èdè Hawaii ṣì jẹ́ èdè ilé àti ọ̀nà, lẹ́yìn tí òfin 1896 ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí òun àti Skippy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní Mākaha ní 1976, Mākaha Sons of Niʻihau ni wọ́n pè é, àwọn ọmọ Niʻihau. Ọdún yẹn kan náà ni Hōkūleʻa, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn bíi ti àwọn baba ńlá wọn, tukọ̀ dé erékùṣù Tahiti láìlo kọ́ńpáàsì, ìràwọ̀ àti ìgbì ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní 1978, òfin dá èdè Hawaii padà sípò èdè ìjọba. Ní 1982, Skippy kú, ẹni ọdún 28. Ní 1993, Israel fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó gbé àwo Facing Future jáde.

Ẹ wo ọdún yẹn o. 1993 ni ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n yọ ọbabìnrin lóyè, òun náà ni Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ìwé tí Amẹ́ríkà fi tọrọ àforíjì. Orin wo ni Israel fi ṣí àwo náà? Hawaiʻi '78. Orin wo ló fi dé e? Hawaiʻi '78. Mickey Ioane ló kọ orin náà. Ó ń béèrè pé bí àwọn ọba àtijọ́ bá padà wá, tí wọ́n rí títì márosẹ̀ àti iná ojú pópó lórí ilẹ̀ mímọ́ wọn, ṣé ẹ̀rín ni wọ́n á rín ni àbí ẹkún? Ọ̀rọ̀ Kauikeaouli ló ń jáde lábẹ́ rẹ̀, tó ń tún padà wá. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó ní ọmọ ni wọ́n ń rẹ̀, kó lọ tún etí rẹ̀ ṣe.

Orin òṣùmàrè, Somewhere Over the Rainbow, tí gbogbo yín ń gbọ́ nínú ìpolówó ọjà àti fíìmù, mi ò ní fi ìnira sí i. 1988 ló kọ ọ́, lóru, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì kọ ọ́ tó fi wọ inú ẹ̀rọ. Ní 2010 ó gba ipò kìíní ní Jámánì. Ó dùn. Àmọ́ orin Amẹ́ríkà ni, ó sì ti gbé ojú òǹgbọ́ kúrò lára èyí tó kù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń fi ohùn àwọn àgbà olórin wa jó lórí fóònù láìmọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Ara Israel wúwo, ó ti kọjá 340 kg nígbà kan, èémí ló sì pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1997, ẹni ọdún 38. Ẹni tí èémí ń wọ́n fún ló ń kọrin èémí ilẹ̀. Ẹ lè ní mò ń fipá fà á, mo gbọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sínú pósí igi koa ní ilé ìjọba ní Honolulu. Àwọn méjì péré ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún ṣáájú rẹ̀, gómìnà kan àti sẹ́nétọ̀ kan. Wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì òpó. Ìjọba tó fi ọ̀rọ̀ ọba ṣe àkọmọ̀nà ló gbé olórin tó ń fi ọ̀rọ̀ náà bá a wí sínú ilé. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú òkun ní etíkun Mākua. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń ta omi sókè, àwọn tó wà lórí títì ń fọn fèrè ọkọ̀ láìdákẹ́. Mo ti kà á níbì kan pé ayọ̀ ìsinmi rẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀. N kò gbà. Àfonífojì Mākua ni ológun Amẹ́ríkà gbà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì láti máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù, etíkun rẹ̀ sì ni wọ́n ti lé àwọn ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ ní 1996, ọdún kan ṣáájú. Ẹ kò lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn padà sí irú ibẹ̀, kí ẹ sì ní wọn kò bá ìjọba sọ̀rọ̀.