Ẹsẹ̀ Ló Ń La Ọ̀nà: Ẹ Ká Wáyà Yẹn Kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àyíká ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. A da kọnkéré sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti gétì dé ilé ìkàwé, síbẹ̀ orí koríko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. A gbé pátákó síbẹ̀, a ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n gé e. Igi ẹlẹ́gùn-ún wo ni ká gbìn, àbí ká máa gba owó ìtanràn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbin igi ẹlẹ́gùn-ún kankan, ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà kẹrin nìyí lọ́dún yìí tí irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, “àwọn ọmọ ò gbọràn” ni gbogbo yín sì ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kọnkéré yín lọ ní mítà 80, ó wá yà ní igun, ó tún lọ ní mítà 60. Mítà 140 nìyẹn. Ẹni tó bá gé e gba orí koríko, mítà 100 ni yóò rìn. Mítà 40 lálọ, mítà 40 lábọ̀, lójoojúmọ́, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, nínú oòrùn oṣù kẹta! Ẹ̀yin náà kò ní gbà á. Àwọn baba wa ò ya ọ̀nà oko sórí ìwé kí wọ́n tó rìn ín. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ là á, àdá tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ yẹn ti ya àwòrán ọ̀nà yín fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa rẹ̀ ti dán bí ilẹ̀ yàrá tí wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ pa, gbòǹgbò máńgòrò ti yọ síta, etí aṣọ ẹnì kan sì há sórí wáyà. Koríko ló ń hù nínú sísán kọnkéré tí wọ́n náwó sí.

Wáyà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Federal College of Education Special wà ní Ọ̀yọ́ nítòsí wa, àwọn tí kò ríran ń kàwé níbẹ̀. Irú wọn lè wá kí ọ̀rẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀nà á gba abẹ́ wáyà tó ga dé ìbàdí kọjá, ikùn ni yóò wá bá a.

Ẹ jókòó sábẹ́ igi nígbà tí kíláàsì bá ń jáde, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ ka àwọn tó ń kọjá. Ojú ẹsẹ̀ wọn náà ni kí ẹ wá tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì sí. Kí ó fẹ̀ tó mítà 1.8, kí ó dagẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà dúró. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 60 tó fún ẹlẹ́sẹ̀; bí mọ́tò yóò bá gorí rẹ̀, ẹ lo 80. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ní mítà 1, ẹ fún un ní mítà 12 láti gùn ún, nítorí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ má gé máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yí i ká.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ fún olóúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Bí ẹ bá gbé wọn kúrò, ọ̀nà tuntun máa là.

N kò tíì fojú rí ilẹ̀ yín o. Bí ọ̀nà náà bá gba ojú àgbàrá tàbí abẹ́ wáyà iná ńlá, ẹ pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Ibẹ̀ nìkan ni mo lè ní kí ẹ dí, kó sì jẹ́ pẹ̀lú ọgbà tí kò ní ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n wáyà ẹlẹ́gùn-ún yẹn, ẹ ká a kúrò lọ́la.