Ẹ̀gbọ́n mi kò lè mí dáadáa: ṣé kí èmi náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò tíì pé 40 ọdún, àmọ́ mímí ti di ìnira fún un. Wọ́n ní elastase ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, pé kí èmi náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ara mi le. Ṣé dandan ni? Ṣé a kò lè pa elastase yìí rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má pa elastase rẹ́ o, a nílò rẹ̀: purotéènì tó ń gé purotéènì mìíràn ni. Neutrophil, ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ló ń kó o pamọ́ sínú àwọn àpò tíntìntín. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, neutrophil á gbé e mì, elastase á sì máa gé purotéènì ara kòkòrò náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àmọ́ tó bá jò síta, kò mọ ọ̀tá, kò mọ ará ilé. Okùn kan tó ń jẹ́ elastin wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, bíi rọ́bà ló rí: a mí sínú, ó nà; a mí síta, ó sún kì. Elastase á gé e, àwọn àpò afẹ́fẹ́ á dẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú wọn. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín nígbà tó bá ń mí síta: ó ṣeé ṣe kó máa sún ètè pọ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ iná.

Ohun tó ń so elastase lọ́wọ́ ni alpha-1 antitrypsin, purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1963, ní Sweden, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Laurell àti Eriksson ṣàlàyé pé kò tó lára àwọn kan. Inú ìdílé ló ti ń wá. Bí bàbá àti ìyá bá gbé jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń fa àìtó yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí ní ìdá 1 nínú 4 láti jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí ara yín tilẹ̀ le.

Ẹ má lọ nígbà tí ibà tàbí ikọ́ bá ń ṣe yín. Purotéènì yìí máa ń pọ̀ sí i nígbà àìsàn, èsì lè wá dà bíi pé kò síṣòro. Tó bá kéré, wọ́n á yẹ jíìnì wò, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ náà wò, torí antitrypsin lè há síbẹ̀.

Tí ẹ bá ń mu sìgá, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ lónìí, kí èsì tó dé. Èéfín rẹ̀ ń pe neutrophil púpọ̀ wá sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó tún ń ba ibi tí antitrypsin fi ń di elastase mú jẹ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n lè máa fa purotéènì náà sí i lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò ní dá ohun tó ti bàjẹ́ padà, àmọ́ ó lè mú kí ìyókù pẹ́.