Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ sí ààfin Ọọ̀ni

Ìyá wa tó béèrè bóyá ọjọ́ kan tó láti kó ọmọ mẹ́ta láti Ìbàdàn lọ wo ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú ìmúra. Ọjọ́ kan tó, bí ẹ bá tètè jí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ilé ni ààfin, ilé tí ọba ń gbé, tí a ti ń parí ẹjọ́, tí a sì ti ń bọ òrìṣà, nítorí náà bí ẹ bá ṣe wọlé ni wọn yóò ṣe gbà yín. Owó àti ìtìjú ni mo fi kọ́ èyí.

Iléṣà ni mo ń gbé, nǹkan bí kìlómítà 30 sí Ifẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, n kò ránṣẹ́ ṣáájú, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé wa ní ibùdókọ̀, ó ní kò sí kọ̀rọ̀ ààfin tí òun kò mọ̀, ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì ń sáré kó wa kiri Ẹnuwá, gbàgede iwájú ààfin, bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Ó sọ fún àwọn ọmọ náà pé inú ààfin ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà, bẹ́ẹ̀ àdúgbò Mọ̀pà ló wà. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti pòórá. Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọlé, mo rí igun kan tí wọ́n fi màrìwò sí lẹ́nu, mo sì gbé fóònù sókè láti ya á. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kò jágbe mọ́ mi. Ohun tó sọ kò ju pé, “Ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ojúbọ ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí màrìwò ń sọ, ìkánjú ni kò jẹ́ kí n rí i.

Nígbà kejì, ìyá mi ní kí n mú obì dání. Mo kí àwọn tó wà lẹ́nu géètì, mo sọ ẹni tí a jẹ́, ibi tí a ti wá àti ohun tí a bá wá, a sì jókòó. A dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ gbé omi àti ìpápánu fún àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n fà wá lé lọ́wọ́ kò kánjú rárá. Ó mú wa dé ibi kan tí àpáàdì àtijọ́ ṣì hàn nílẹ̀, ó lóṣòó, ó sì ní kí àwọn ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án: wọ́n to àpáàdì náà lóròó, wọ́n fi wọ́n tira bí eegun ẹja, òkúta funfun wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, torí pé kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀. Èyí àbígbẹ̀yìn àwọn ọmọ náà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe fo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníje, tí kò jìnnà sí ààfin, ni wọ́n ti kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí idẹ tó sọ Ifẹ̀ di olókìkí káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ó sì ń dùn mí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n lè mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ní ti ère Mọrèmi tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò fà yín lọ síbẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé Kábíyèsí jáde, kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí ó bọ́ bàtà, kí ó dọ̀bálẹ̀; kí obìnrin kúnlẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí ọba láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilé ni kí ẹ ti kọ́ wọn. Ẹ má sì wá ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́ bí àwọn ọmọ bá kéré. Ọọ̀ni a máa wọ ìyàsọ́tọ̀ ṣáájú rẹ̀, nígbà tó bá sì dé adé àtayébáyé tí à ń pè ní Arè, tó ń lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, èrò a máa pọ̀ débi pé ọmọdé lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá rí bàbá kan lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ màrìwò, ẹ bá mi kí wọn.