Ìrora inú ti rọlẹ̀, kí ló dé tí dókítà ò tíì jẹ́ kó lọ sílé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló dédé ń run àbúrò mi obìnrin, ó sì ń bì. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní pancreas rẹ̀ ló wú. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ìrora náà sì ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. Ṣe ni wọ́n tún ń wọn ìtọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tó ní àìsàn kan náà ké títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ní tirẹ̀ ò le. Ṣebí ẹni tí inú ń run jù ló yẹ kí àìsàn rẹ̀ le jù? Àbí abẹ́rẹ́ yẹn ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á fún àbúrò yín ní àlàáfíà. Àwọn dókítà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú àìsàn yìí, bí inú ṣe ń run èèyàn tó kọ́ la fi ń mọ bó ti le tó.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pancreas wà, ó fẹ̀yìn ti eegun ẹ̀yìn. Omi tó ń da oúnjẹ ló ń pèsè. Tó bá wú, omi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pancreas fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi máa ń mú lókè ikùn, tí á ta dé ẹ̀yìn, tí aláìsàn á fi máa tẹ̀ síwájú kára lè tù ú. Ìrora yìí ń bá wa dá àìsàn náà mọ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó bá fi hàn pé lipase tàbí amylase, ìyẹn àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ tí pancreas ń pèsè, fi ìlọ́po 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju bó ṣe yẹ, tàbí àwòrán inú. Bí méjì nínú mẹ́ta yìí bá pé, ó tó. Iṣẹ́ ìrora parí síbẹ̀. Lipase náà ńkọ́? Kó ga fíofío kò ní kó le.

Ohun tó ń mú kó le ni kí ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín tàbí ọkàn daṣẹ́ sílẹ̀, kó sì ju wákàtí 48 lọ kó tó padà sípò, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó kọ̀ láti padà. Ìlànà tí àwọn dókítà kárí ayé ti ń tẹ̀ lé láti 2012 nìyẹn. Nǹkan bí 4 nínú àwọn aláìsàn 5 ni kì í dé ibẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń ké. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀: tó bá dín kù, kíndìnrín ń pòùngbẹ. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ó ń mí ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bóyá ọkàn ń lù ju ìgbà 90 lọ, bóyá ara gbóná ju 38 lọ, bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì já gaara. Aláìsàn tó dákẹ́ tó ń mí gúlegúle máa ń bà mí lẹ́rù ju ẹni tó ń pariwo lọ.

Ọwọ́ dókítà lórí ikùn wúlò ju igbe lọ. Bí ikùn bá rọ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀) àti PCV (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó) kò sì ga lọ́jọ́ tí aláìsàn dé, àìsàn náà kì í sábà le.

Abẹ́rẹ́ kò bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, torí kò sí oògùn ìrora tó lè fi kíndìnrín tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ pa mọ́ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Ẹni tí inú ń run kì í lè mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra diclofenac tàbí ibuprofen ní kẹ́míìsì wá fún un o, wọ́n lè pa kíndìnrín tí omi ò tó lára.

Bí ìrora bá rọlẹ̀ tó tún padà, tàbí tó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ibà, ẹ tètè sọ. Ó lè jẹ́ pé omi ti gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pancreas, tàbí kí ẹran ara tó ti kú níbẹ̀ ti kó kòkòrò.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń pe ìrora òkè ikùn ní ulcer, tí wọ́n á máa lo oògùn rẹ̀ nílé. Bí àbúrò yín bá ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ sọ fún wọn, torí àìsàn yẹn máa ń fa òkúta sínú àpò òróòro, òkúta yìí sì wà lára ohun tó ń mú pancreas wú jù. Ọtí líle náà wà níbẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti ya àwòrán àpò òróòro rẹ̀. Tí wọ́n bá rí òkúta, tí àìsàn náà kò sì le, ó sàn kí wọ́n yọ àpò náà kó tó kúrò nílé ìwòsàn, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.