Ṣé ọgbọọgba ni gbogbo òrìṣà tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bọ?

Ọwọ́ ẹ̀ka tí èèyàn bá wà ló kù sí. Lọ́dọ̀ àwọn Smarta, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Híńdù, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dọ́gba. Ẹ wo ìsìn wọn tó ń jẹ́ Panchayatana: òrìṣà márùn-ún, Shiva, Vishnu, Devi, Surya àti Ganesha, jọ wà lórí àwo kan ṣoṣo, ọ̀kan láàárín, mẹ́rin yí i ká. Òkúta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣojú wọn. Dúdú ni ti Vishnu, inú odò Gandaki ní Nepal ni wọ́n ti ń ṣà á. Èyí tó bá wu olùsìn ló máa gbé sáàárín; aládùúgbò rẹ̀ lè gbé òmíràn síbẹ̀, kò síjà. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Àwọn Vaishnava, ẹ̀ka mìíràn, ò gbà bẹ́ẹ̀ ṣá o: Vishnu ni olórí pátápátá lójú tiwọn.